Agbádá Tí Mo Wọ̀ De Àwọn Tó Ń Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tó ti sọ ara rẹ̀ di ayálégbé lọ́kàn mi. Mo lé e títí, kò kó jáde. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Wẹ́dà ni mí ní Pápá Àjàó. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí òpópónà kan níbẹ̀ tí ẹ ò ní rí géètì tí mo fi ọwọ́ ara mi jó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gbìyànjú láti wó ọ̀kan.

Ọmọ mi Fúnmi ló wọ ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Owó ọdún kìíní, eyín la fi fà á yọ. Ti ọdún kejì ò sí níbì kankan. Ó wá gbọ́ pé ìjọba ń ran àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, bí òbí wọn ò bá lágbára. Wọ́n á wá fojú ara wọn wo ilé wa.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ilé bó ṣe wà," Fúnmi ní. "Wọ́n fẹ́ rí i pé a ò ní ni."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ni ò ní? Bí àna bá ń bọ̀, ṣé a kì í yá àga ni? Ẹni tó bá jọ èèyàn gidi ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́!"

Ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Mo gòkè lọ bá láńlọ́ọ̀dù, mo yá àga onítìmùtìmù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àga yẹn kún pálọ̀ wa débi pé ilẹ̀kùn ò ṣí tán. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, á fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Mo wá gbé agbádá léèsì wọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, obìnrin kan ló wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, fáìlì lábíyá. Ó fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí.

"Bàbá, ta ló ni ilé yìí?"

"Èmi ni," mo dáhùn. Irọ́ náà dùn lẹ́nu mi bí oyin. "Ayálégbé mi ló wà lókè."

"Ẹ kú oríire, sà." Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó pa fáìlì dé. "Ọmọ ẹni tó kọ́lé ò sí lára àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́."

Mo fò dìde. "Òfin wo nìyẹn? Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, àfi kí bàbá rẹ̀ bọ́ra síhòòhò kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́? Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà!"

Ariwo mi ló fa láńlọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀. "Wẹ́dà! Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o! Tẹlifíṣọ̀n mi dà?"

"Ṣé ayálégbé yín nìyí, sà?" obìnrin náà bi mí.

"Ayálégbé ta?" láńlọ́ọ̀dù ní. "Nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́?"

Fúnmi kúnlẹ̀ sáàárín àga méjì. Kò sáyè níbòmíràn. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá lọ báyìí, mo ti kúrò nílé-ìwé nìyẹn."

Mo ti jórin láìlo awò ojú, ojú mi ò ṣomi rí. Lọ́jọ́ náà, ó ṣomi.

"Mi ò ní nǹkan kan!" mo lọgun, bí ẹni ń bú èèyàn. "Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà. Àga, ti láńlọ́ọ̀dù ni. Tẹlifíṣọ̀n, tiwọn ni. Agbádá yìí…" Mo wo ojú láńlọ́ọ̀dù. "Agbádá náà, tiwọn ni. Ọwọ́ alágbàfọ̀ ni mo ti yá a."

"Abájọ!" láńlọ́ọ̀dù pariwo. "Alágbàfọ̀ ní kò tíì gbẹ!"

Obìnrin náà fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ya ìwé ti àkọ́kọ́ sọnù, ó kọ òmíràn, láńlọ́ọ̀dù sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, lórí apá àga ara rẹ̀.

Wọ́n ran Fúnmi lọ́wọ́. Ó ti ń kọ́ni ní ilé-ìwé kan ní Àgùdà báyìí. Mo ti kọ́gbọ́n pé fáàrí kì í san owó ilé-ìwé, àmọ́ òfin yẹn ṣì ń bí mi nínú. Láràárọ̀ tí láńlọ́ọ̀dù bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀: "Onílé mi, ẹ káàárọ̀ o." Màá fajú ro, màá ní, "Ayálégbé, pẹ̀lẹ́." Ẹ̀rín ló kù tí mo lè rín.