Ọkùnrin Tí Wọ́n Fẹ́ Pín Bí Ẹja

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, bí a bá lè pe ilé tí kò ní ògiri rárá ní ààfin. Òpó igi méjìlá, òrùlé ewé, ẹní híhun nílẹ̀: níbẹ̀ ni Baálẹ̀ Iohua àti àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní erékùṣù wa. Atẹ́gùn òkun ń gba àárín wọn kọjá, gbogbo ìlú sì jókòó sórí iyanrìn níta, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n wá gbọ́.

Màmá Lepeka ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Opó ni, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà ní Niu Silandi. Ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo òkun bí ẹni pé ẹjọ́ ẹlòmíì ló wá gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí wọ́n má lọ gba Tebano lọ́wọ́ òun.

Tebano gan-an jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ àgbọn. Ará erékùṣù Kiribati ni. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kò lè tún ṣe, àfi tirẹ̀, torí tirẹ̀ já bọ́ sínú ibú, ìgbì sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá wa ní ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ̀ ńlá tó yẹ kó gbé e padà bàjẹ́ sí èbúté Apia. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kó tó dé.

Tinielu ló pe ẹjọ́. Òun ni olórí àwọn tó ń pín inati, ìpín ilé kọ̀ọ̀kan, létí òkun, ẹni tó mọ iye ẹnu tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ tí wọn ò tíì bí.

"Baálẹ̀, ẹ̀yin àgbà," ni Tinielu bẹ̀rẹ̀, "kí ni òfin inati wí?"

"Má bi mí ní ohun tí èmi fi kọ́ bàbá rẹ," ni Baálẹ̀ dáhùn. "Rojọ́ rẹ."

"Ó ní ohunkóhun tí òkun bá fún wa, ti gbogbo ilé ni. Ẹja ni o, ìjàpá òkun ni o, igi tó léfòó wá ni o. A ó kó o sórí iyanrìn, a ó pín in lọ́gbọọgba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òkun ti fún wa ní ọkùnrin tó mọ ẹ́ńjìnnì, tó mọ fíríìjì, tó mọ páìpù omi. Màmá Lepeka nìkan ló ń jẹ ẹ́!"

"Jẹ ẹ́ kẹ̀!" Màmá Lepeka yíjú sí i. "Tinielu, ẹnu tí o fi ń rojọ́ yìí, èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Ẹja ni ọmọ ènìyàn ni? Ṣé ó ní ìpẹ́ lára?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìjàpá òkun náà kì í ṣe ẹja, a sì ń pín in."

"Ẹ̀yin lẹ ń lọ mú ìjàpá. Èyí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ìjàpá náà ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun iyanrìn!"

"Ṣé ìjàpá máa ń kí ọ pé ẹ káàárọ̀? Èyí kí mi. Ẹni tó bá kí mi lẹ́nu ọ̀nà mi, àlejò mi ni. A kì í pín àlejò."

Àwọn àgbà mi orí. Ẹnìkan níta pariwo pé, "Màmá ti gba ọ̀kan!"

"Bó bá jẹ́ àlejò ni," ni Tinielu wí, "kí ló ń wá lórí òrùlé? Baálẹ̀, mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a fi ń pẹja fún gbogbo ìlú. Màmá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, kò lè gbápá sókè. Mo gbójú sókè báyìí, aláìsàn wà lókè, ó ń kan ìṣó!"

"Àìsàn àyà ni," ni Màmá Lepeka wí. "Atẹ́gùn òkè dára fún àyà."

"Òòlù ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá jókòó sókè lásán, ṣé kò ní sùn lọ kó já bọ́? Òòlù ni kò jẹ́ kó sùn."

Ẹ̀rín gba etí òkun. Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Ọkùnrin yìí," ó ní, "ṣé ó máa ń tún fáànù ṣe pẹ̀lú?"

"Fáànù ò sí nínú ẹjọ́, Bàbá," ni àgbà kan sọ sí i létí.

"Mo mọ̀. Mo kàn béèrè ni."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Tinielu, Penehe apẹja. Ó jáde bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

"Ojú mi báyìí ló ṣe é, Baálẹ̀. Orí òkìtì iyùn inú omi lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ há. Kò sí nítòsí ilé Màmá rárá. Òkìtì iyùn sì rèé, ti gbogbo wa ni."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú."

"Níbo lo dúró sí tí o fi rí i?"

"Mo wà nínú ọkọ̀ mi. Mo ti ju ìwọ̀..."

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í pẹja lọ́jọ́ Àìkú.

"O ti ju kí ni?"

"Mo ti ju... mo ti ju gbogbo àníyàn mi sọ́wọ́ Olúwa, Bàbá. Mo ń gbàdúrà."

"Nínú ọkọ̀?"

"Ọkàn máa ń balẹ̀ lórí omi."

"Ẹja mélòó ló bá ọ ṣe àmín?"

Penehe wo ilẹ̀. "Mẹ́ta," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Wọn ò gbọ́ra wọn mọ́ fún ẹ̀rín. Màmá Lepeka rò pé ẹjọ́ ti fẹ́ dára fún òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì sínú omi, ohun tó bá bá ló ń dì mú. Penehe tún gbé ohùn sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú! Rédíò Màmá Lepeka ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ní báyìí, ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń kọjá, orin ìjọ ń dún nílé wọn. Ta ló jí i dìde? Aláìsàn yìí náà ni!"

"Irọ́!" Melania ló fò dìde, aládùúgbò Màmá Lepeka tó ń yan búrẹ́dì. Òun ni ẹlẹ́rìí Màmá. "Láti ìgbà tí Tebano ti dé, láàárọ̀ kùtù ni mo máa ń wọlé tọ̀ wọ́n, kí n lè gbọ́ bí òjò yóò bá rọ̀ sórí ààrò mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ rédíò yẹn. Ó kú fin-ín-fin-ín."

"Ó ń kọrin!"

"Ó ti kú!"

"Mo gbọ́ ọ níjẹta!"

"Mo tẹ̀ ẹ́ níjẹta!"

"Ìwọ tí búrẹ́dì rẹ le bí òkúta yìí?"

"Ìwọ tí ẹja ń bá ṣe àmín yìí?"

Baálẹ̀ gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè, èyí tí wọ́n fi okùn àgbọn ṣe. Ó di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan rò pé ó ti sùn.

"Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ," ó ní. "Ọ̀kan ń gbọ́ orin ní ìrọ̀lẹ́, èkejì ń bá òkú láàárọ̀. Á jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni rédíò yìí ń yá, ojoojúmọ́ ló sì ń kú. Ẹni tó ń wò ó sàn, a ti mọ̀ ọ́n. Lepeka, kí ló ń pa á?"

Màmá Lepeka tún yíjú sí òkun.

"Iyọ̀ ni, Baálẹ̀. Iyọ̀ inú atẹ́gùn. Ẹ ṣáà mọ etí òkun."

"Tebano, iyọ̀ ni?"

Tebano gbé àgbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ẹnu.

"Bàbá, iyọ̀ ìlú yín gbọ́n o. Wáyà mẹ́fà ló wà nínú rédíò yẹn. Iyọ̀ ò fọwọ́ kan márùn-ún. Wáyà pupa nìkan ló ń já, níbì kan náà, ó ti di ìgbà méje. Tí iyọ̀ bá sì já a tán, á da ìdérí padà, á fi aṣọ nù ún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Lepeka yíjú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"O mọ̀?"

"Láti ìgbà kejì, Màmá."

"O mọ̀, o sì ń tún un ṣe?"

"Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ yín dùn," ni Tebano wí. "Iyọ̀ rẹ̀ nìkan ni ò tó."

"Ẹ gbọ́!" Tinielu fò sókè. "Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́..."

"Jókòó, Tinielu." Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Lepeka, kí ló dé?"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Màmá Lepeka ń wò, ọwọ́ tó fa wáyà.

"Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń jẹun nìkan, Baálẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ Tinielu, kò yàn mí jẹ rí. Ìpín mi ń pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá jẹun, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ òun níyọ̀? Ta ló fẹ́ sọ fún un? Ọmọ yìí dé, ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fajú ro, ó ní iyọ̀ ò tó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá tún òrùlé ṣe tán, tó tún páìpù ṣe tán, tó tún rédíò ṣe tán, mo mọ̀ pé ilé ẹlòmíì ló kàn. Ni mo bá fa wáyà."

Tinielu ń fi ìka ẹsẹ̀ ya nǹkan sórí ẹní, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà láti fa ẹjọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó ti dé iwájú àgbà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Àwọn àgbà forí korí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Baálẹ̀ tún jókòó dáadáa.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Òkun ló gbé Tebano wá. Lóòótọ́ ló kí ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ìkíni bá lè yọ nǹkan kúrò nínú inati, lọ́la Penehe á ní ẹja mẹ́ta yẹn kí òun. Ẹ pín in."

Ojú Tinielu là. Orí rẹ̀ ti ń ṣírò kí Baálẹ̀ tó sinmi ẹnu.

"Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wá. Màmá Lepeka ti jẹ tiwọn tán, ó ku ọgọ́ta. Láti ọ̀la títí dé Sátidé, ọjọ́ márùn-ún. Ilé méjìlá lójúmọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí méjìlá. Wákàtí kan fún ilé kan! Ó ṣe rẹ́gí!"

"O mọ ìṣirò," ni Baálẹ̀ wí, "ṣùgbọ́n o gbàgbé pé ẹni tó bá gba ẹja, tìfuntìfun ló ń gbà á. A kì í mú ọwọ́ ọkùnrin ká fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ilé tó bá lo wákàtí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ yó."

Tebano ló kọ́kọ́ yé. Ó fò dìde.

"Bàbá! Ẹ̀ẹ̀mejìlá lójúmọ́?"

"Òkun ló gbé ọ wá. Òkun ni kó o bá wí."

"Ilé ta ni yóò ṣáájú?" ni Tinielu béèrè.

"Kì í ṣe tèmi," ni Baálẹ̀ dáhùn. "Kí àwọn ènìyàn má baà sọ̀rọ̀. Fi tèmi ṣe ìkejì. Penehe ni kó gbẹ̀yìn, kó lè ráyè gbàdúrà."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Màmá Lepeka. Màmá di etí ẹní mú.

"Ìwọ Lepeka. O ti ohun tí gbogbo ìlú ni mọ́lé, o tún fa wáyà lẹ́ẹ̀meje. Ìyà rẹ rèé. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ nílé ara rẹ. Ilé kan lóòjọ́ ni wàá máa lọ jẹun, títí wàá fi yí ọgọ́ta ilé ká. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀meje lo fa wáyà, ẹ̀ẹ̀meje ni wàá yí wọn ká."

Ètè Tinielu ń mì. "Ọgọ́ta lọ́nà méje... okòó lé nírinwó ìrọ̀lẹ́! Baálẹ̀, ó ju ọdún kan lọ!"

"Ó jù ú lọ. Ṣé ẹ̀wọ̀n máa ń kúrú ni? Ní ilé kọ̀ọ̀kan, kó tọ́ ọbẹ̀ wò, kó sì sọ òótọ́ nípa iyọ̀ rẹ̀ níṣojú gbogbo ará ilé."

Ariwo sọ láàárín àwọn obìnrin tó wà lórí iyanrìn. "Baálẹ̀ o! Ta gan-an lẹ ń fìyà jẹ?"

"Ìyà yìí pọ̀ jù," ni Màmá Lepeka wí, torí ohun tí ẹni tó jẹ̀bi gbọ́dọ̀ wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti ń tún ìró rẹ̀ ró. "Ilé ta ni ti ìrọ̀lẹ́ òní?"

"Ilé ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́," ni Baálẹ̀ dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná kan náà, wọ́n tẹ́ ẹní nílé Tinielu. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹja tó fi omi àgbọn sè kalẹ̀. Ọmọ mẹ́fà, ìyá àgbà kan àti Tinielu fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹnu Màmá Lepeka ni gbogbo wọn ń wò. Màmá mú ẹja díẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó di ojú, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú rárá.

"Iyọ̀ ò tó," ó ní.

Ìyàwó Tinielu yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ǹjẹ́ mi ò sọ fún ọ kó o má pe Màmá yìí lẹ́jọ́?"

Màmá Lepeka sún mọ́ abọ́ dáadáa, ó ní kí ọmọ tó kéré jù wá jókòó ti òun. Ó ku ìrọ̀lẹ́ irinwó ó lé mọ́kàndínlógún.