Mo Tún Un Ṣe Fúnra Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fún yín: kì í ju nǹkan nù, kì í ra tuntun, kì í sì í dákẹ́ nípa méjèèjì. Bí okùn bàtà bá já, "Ó ṣì wúlò!" Bí abẹ́rẹ́ bá dá sí méjì, "Ó di méjì nìyẹn, ó ṣì wúlò!" Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bọ̀dá Ó-Ṣì-Wúlò. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, nítorí náà ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹnì kankan ò rò ó fún mi.

Bọ̀dá ní kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì pálọ̀, arúgbó kan báyìí tó máa ń hanrun bó bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí i, ó fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó sì tún un dé. Iṣẹ́ tó ṣe ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìyangàn! Ó gé páálí tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé MO TÚN UN ṢE FÚNRA MI, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà náà pinpin, kí àlejò kankan má baà wọlé láìkà á.

Ọjọ́ kejì ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbóná janjan, á sì kú fin-ín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ aṣọ rírán, ń fi kọ̀ǹpútà yẹn kọ ìwé. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu ìwé aṣọ rírán náà, àwọn tó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ sì ti ní bí ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù bá fi kọjá, àwọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n mi nídìí kọ̀ǹpútà, wàràwàrà bí ẹni tí ajá ń lé! Bó bá parí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹsẹ̀ kejì di ọ̀la.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn. Àlòkù tó dáa wà níta, kò wọ́n."

"Rà kẹ̀? Àgbà kì í wà nílé kí orí kọ̀ǹpútà wọ́! Fáànù ló ń ṣe é."

Ó tú ìdérí iwájú, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí páálí rẹ̀ má baà ya lọ́nà. Èmi àti òun wá gbé ìyókù lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Àǹtí so ó mọ́ iná. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta gbáko, kò dákú, kò tilẹ̀ húkọ́.

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

"Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi ni? Ẹ pààrọ̀ fáànù rẹ̀! Ẹ gba èyí tó ti kú yìí, ẹ fi dín owó kù fún mi."

Obìnrin náà wò ó, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ni Bọ̀dá ń rín bọ̀ wálé. "O rí i? Mo fi òkú pààrọ̀ alààyè, kò sì mọ̀!" Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi de ìdérí iwájú padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fin-ín.

"Mẹ́mọ́rì ni!" A tún gbé e lọ. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, ó kú nílé. "Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ni!" A tún gbé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Bọ̀dá pàṣẹ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, àlòkù fún àlòkù. Èjìká mi ti bó. Àwọn ará òpópónà ti ń béèrè bí ẹni tó rí aláìsàn: "Ara rẹ̀ ńkọ́ lónìí?" Bọ̀dá á ní, "A dúpẹ́, ó ti ń jẹun!"

Ó tún kú.

"Kọ̀ǹpútà tó kú," ni Bọ̀dá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹwà ló bù sí i."

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò bínú mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló ń wà látàárọ̀, orin ló sì ń kọ wálé.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Bọ̀dá ranṣẹ́ pe Àǹtí Kọ̀ǹpútà wá sílé kó wá fojú ara rẹ̀ rí jìbìtì tó ṣe. Ó pe aládùúgbò mẹ́ta jọ kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Obìnrin náà wọlé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó tẹjú mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, kí nìyí?"

"Ẹ kà á!" Bọ̀dá gbé àyà síwájú. "Ẹ kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́!"

"Mo tún un ṣe fúnra mi," ni obìnrin náà kà. Ó fi èékánná họ etí páálí, ó fà á: fààà! Ihò wẹ́wẹ́ bí ogójì ló tò lọ gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀. "Ibi tó fi ń mí nìyí. Ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn rí. Ẹ̀yin lẹ dí i nímú."

Àwọn ẹlẹ́rìí bú sẹ́rìn-ín. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Arúgbó ń hanrun, kò kú.

"Gbogbo òkú tí mo gbé fún yín ńkọ́?" Bọ̀dá rọra béèrè.

"Òkú wo? Ara wọn le ju àwọn tí mo fi rọ́pò wọn lọ! Mo tò wọ́n pọ̀ sínú àpótí mìíràn, wọ́n di odidi kọ̀ǹpútà kan. Mo sì ti tà á, ní owó tí kò tó ohun tẹ́ ẹ ná lórí àtúnṣe."

"Ta lẹ tà á fún?"

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, tòun ti ìwé aṣọ rírán lápá, ó pé pérépéré, ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì.

"Èmi ni," ló wí. "Gbogbo ohun tí mo ti kọ ṣì wà nínú rẹ̀ digbí. Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Mò ń gbé e lọ fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Bọ̀dá rọra jókòó. Ó mú páálí rẹ̀, ó kọjú sí agbọ̀n ìdọ̀tí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó fẹ́ ju nǹkan nù.

"Ẹ má jù ú nù o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ṣì wúlò."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, èyí tó ti ń mì láti ọdún tó kọjá. Máṣíìnì dúró ṣinṣin. Páálí náà ti rí nǹkan tún ṣe nígbẹ̀yìn.