Akóredé, Nọ́ọ̀sì Kánádà ní Ṣàpọ́n

Ẹ bá mi kí Akóredé ọmọ Láwàlì, a-gbé-òyìnbó-gba-imú, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí kò tíì rí aláìsàn tó tó kó tọ́jú!

Ọdún kan ààbọ̀ ló fi kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì onípò gíga ní Gánà, kó lè lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Kò fojú kan Kánádà rí, àmọ́ Gánà ló ti kó òyìnbó wọn bọ̀. Nínú oòrùn oṣù kẹta, súwẹ́tà ló ń wọ̀ kiri Ṣàpọ́n. Ó ní òun ń múra de òtútù. Lọ́sàn-án, á ti orí bọ inú fírísà tí àbúrò rẹ̀, Làtífátù, fi ń ta omi, títí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi gan.

Ilé ìwòsàn kan ní Kọ́bapẹ́ ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ná.

"Ọwọ́ tí mo kọ́ fún Kánádà?" ló wí. "Kí n máa fi gún àgbẹ̀ lábẹ́rẹ́?"

Ìyá rẹ̀, Àfúsá, tí ìtọ̀ ṣúgà dá egbò sí lẹ́sẹ̀, kò rí ọwọ́ náà lò. Làtífátù ló ń fọ egbò yẹn láàárọ̀ lálẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tiwa kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó gbàgbé ilé. Ó ń bí mi nínú, n kò ní purọ́.

Ó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo. Àwọn ará Kánádà yóò wò ó lórí fóònù bó ṣe ń tọ́jú arúgbó. Bó bá yege, físà dé. Bó bá kùnà, ó parí. Akóredé ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọdún mẹ́ta ni òun ti ń fọwọ́ ara òun wẹ egbò ìyá òun. Ó so fóònù náà mọ́ tẹlifíṣàn ńlá níwájú ilé kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a ti gbé bẹ́ǹṣì jókòó.

Ohùn obìnrin tó fẹ́ dán an wò dún nínú tẹlifíṣàn. Ojú rẹ̀ kò hàn. Orúkọ nìkan la rí: Harriet.

"Òyìnbó pọ́ńbélé!" Akóredé ṣẹ́jú sí wa.

Harriet fi òyìnbó sọ fún un pé kó kọ́kọ́ bi aláìsàn ní orúkọ rẹ̀. Òfin wọn nìyẹn.

Akóredé kọjú sí ìyá tó bí i. "Kí ni orúkọ yín?"

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Àlájì Yasir, aládùúgbò wọn.

"Orúkọ ta?" Ìyá ní. "Èmi tí mo sọ ẹ́ lórúkọ?"

"Ẹ ṣáà dáhùn! Àfúsá ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Yéè! Ó pè mí lórúkọ! Akóredé, ṣé orí ẹ dàrú ni? Ọjọ́ wo lo fọwọ́ kan egbò mi rí? Ìwọ tó o máa ń dimú kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Harriet béèrè ohun tí ìyá wí. Akóredé fẹ imú, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó: "Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní kò sí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá bíi tèmi."

Ìgbà tí Harriet máa tún la ẹnu, Yorùbá ló ń sọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá. Ẹ má bínú. Ìtòrí, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni wọ́n ti bí mi. Ìyá ìyá mi ló sọ mí ní Harriet."

Ẹ gbọ́, ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ̀ pé Harriet pọ̀ nílé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì wa? Akóredé sáré mú wáyà tẹlifíṣàn láti fà á yọ. Àlájì Yasir ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Akóredé," Harriet ní, "ìbéèrè kan péré. Ẹsẹ̀ wo ni egbò náà wà?"

Ìró Ìyá bo ẹsẹ̀ méjèèjì dé ilẹ̀. Akóredé wo Làtífátù. Làtífátù ń wo òkè.

"Ọ̀tún," ló wí wẹ́rẹ́.

Ìyá rọra ká ìró sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dán. Òsì ni báńdéèjì wà.

"Akóredé," Àlájì Yasir ní, "ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n gbé físà ẹ sí. Lọ mú un."