Ìdìtẹ̀ Abẹ́ Dòngóyárò

Ní Kofar Doya, nílùú Sókótó, lábẹ́ igi dòngóyárò kan, ni àwọn wẹ́dà ọmọ Yorùbá ti ń jó irin wọn. Lọ́sẹ̀ yìí, rédíò ròyìn pé àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba ní orílẹ̀-èdè kan tí kò jìnnà sí wa, wọn ò rí i gbà. Ìròyìn yìí ló kó sí Gbénga, igbákejì alága ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà, lórí. Lánàá, níbi ìpàdé, òun náà dìtẹ̀ mọ́ alága, Bàbá Akíndúró. Òun náà ò rí i gbà.

Àárọ̀ ti mọ́ báyìí. Bàbá wà lórí àga onírin rẹ̀, tìmùtìmù pupa lábẹ́ ìdí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ti bá iṣẹ́ lọ sí Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú. Wọ́n ní ẹni yòówù kó jẹ́ alága, irin ló ń bọ́ àwọn. Gbénga ló ń bọ̀ yìí, báńdéèjì funfun ní ìgbọ̀nwọ́. Ó dé iwájú Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Dúró níbẹ̀. Má dọ̀bálẹ̀ fún mi.

GBÉNGA: Mo fẹ́ kí yín káàárọ̀ ni, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Má kí mi. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ wà lára ẹ̀rí tí a fẹ́ lò níbi ẹjọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rí kí ilé ẹjọ́ tó jókòó.

GBÉNGA: Bàbá, ara ń yún mi. Láti kékeré, mi ò rí àgbà láàárọ̀ rí kí n wá dúró ṣánṣán báyìí.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Fara dà á. Ìjọba tiwa kì í ṣe ìjọba sójà, òfin là ń tẹ̀ lé. Kí ló ṣe ọ́ nígbọ̀nwọ́?

GBÉNGA: Irin ló jó mi, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Irin wo?

GBÉNGA: Irin gbígbóná, sà.

(Bàbá wo báńdéèjì náà títí, ó fi ọ̀rọ̀ kan sínú.)

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ó dáa. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

GBÉNGA: Ṣebí ẹ wà níbẹ̀, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í mọ ohun tó mọ̀, àfi tí wọ́n bá sọ fún un.

GBÉNGA: Mo kó ọmọ ogun wá, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Àwọn wo?

GBÉNGA: Yahya oníkẹ̀kẹ́.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Àti ta ni?

GBÉNGA: Yahya náà ni gbogbo wọn, sà. Mo ní kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kó máa tẹ họ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó dún bí orin sójà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, obìnrin kan yọ, ó ní kó gbé òun lọ sí Kofar Kware. Ó gbé e lọ.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ogun ń lọ lọ́wọ́, ọmọ ogun rẹ gbé èrò.

GBÉNGA: Ó ní òun ń bọ̀. Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dé.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Madalla, o káre. Kí lo wá ṣe?

GBÉNGA: Èmi nìkan wá wọ ìpàdé. Mo wọ awò dúdú tí a fi ń jó irin, kí ojú mi lè le bíi ti sójà. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹ̀yin wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ mi, láti àkókò yìí lọ, a ti gba ìjọba ẹgbẹ́ yìí. Kí kálukú fara balẹ̀."

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

GBÉNGA: Mo rò pé ẹ̀yin ni, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Igi dòngóyárò ni.

GBÉNGA: Bàbá, ẹ̀yin náà mọ awò wa. Tí iná ò bá tíì ta lára irin, òkùnkùn biribiri ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn, inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ẹ̀rù ti bà wọ́n.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Igi náà ò janpata.

GBÉNGA: Kò janpata, sà. Ni mo bá bọ́ awò, mo yíjú padà, mo rí yín. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó síbẹ̀, ẹ dé fìlà. Mi ò mọ ìgbà tí àyà mi kanlẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Olórí ọlọ̀tẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìjọba tó fẹ́ lé lọ.

GBÉNGA: Mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín ná, kí n tó lé yín. Ìyá mi ò kọ́ mi pé kí n máa lé àgbàlagbà láìkí i.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Èmi náà sì gbàdúrà fún ọ.

GBÉNGA: Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ ní n ó dàgbà, n ó dogbó, mo ní àmín. Ẹ ní àwọn ọmọ mi á máa dọ̀bálẹ̀ kí mi bẹ́ẹ̀, mo ní àmín. Ẹ ní n ó bá yín ṣiṣẹ́ pẹ́ lábẹ́ igi yìí, mo ṣe àmín tó ròkè lálá. Bàbá, lẹ́yìn gbogbo àmín yẹn, ẹnu wo ni èèyàn tún fẹ́ fi gbàjọba?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Kí ni mo tiẹ̀ fi ọ́ ṣe?

GBÉNGA: Ẹ ní ọdún méjì lẹ máa lò, sà. Ọdún kọkànlá rèé. Tí a bá ti ní ká dìbò, ẹ ó ní ó di lẹ́yìn Iléyá. Àgbò tí wọ́n bí lọ́dún tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n ti pa á jẹ, wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀ jẹ, wọ́n ti ń bọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ kó lè sanra.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ìyẹn ò ní kó o dìtẹ̀. Ẹni tí inú ń bí sí ìjọba, ìbò ló fi ń sọ ọ́.

GBÉNGA: Ìbò náà ni mo ń wá, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ṣebí mo ní kó o ní sùúrù.

GBÉNGA: Ẹ tún wá jó àga yẹn mọ́ ilẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Nítorí olè ni.

GBÉNGA: Haba, Bàbá. Ètò mi àkọ́kọ́ ni pé kí Yahya kàn rọra gbé àga náà sá lọ kí ẹ tó dé. Ó fà á títí, títí di òní ni ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ jó mọ́ irin tó wà nínú ilẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: (Ó fọwọ́ gbá apá àga.) Ìjọba tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Gbénga, o ti fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́. Ìjìyà ọlọ̀tẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ni kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó kúrò lábẹ́ igi yìí.

(Gbénga tẹ̀ síwájú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó rántí pé ẹ̀rí ni, ó tún dúró.)

GBÉNGA: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Níbí nìkan ni iná mànàmáná tó lè jó irin dé. Níbí ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀. Ìdùnnú, ìyàwó mi, sì wà nínú oyún. Tí mo bá kúrò níbí, kí ni n ó máa jó, ìrẹsì?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Àánú rẹ ń ṣe mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ lé ọ, òfin ni. Ìjọba sójà ló máa ń lé èèyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ilé ẹjọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ báyìí.

GBÉNGA: Ta ni adájọ́, sà?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Alága ni adájọ́.

GBÉNGA: Ta ló pe ẹjọ́?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Èmi.

GBÉNGA: Ẹlẹ́rìí ńkọ́?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ta ló jókòó síwájú níbi tó o ti dọ̀bálẹ̀? Èmi náà ni.

GBÉNGA: Tí wọ́n bá wá dá mi lẹ́bi, ta ló máa bá mi bẹ adájọ́?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Àgbà ni mí, èmi ló yẹ kó bá ọ bẹ̀ ẹ́. (Ó ń fi ìka ka gbogbo ipò rẹ̀.) Gbénga, mo ti pọ̀ jù nínú ẹjọ́ yìí.

GBÉNGA: Bàbá, rédíò yín náà ló ń sọ ọ́ lánàá pé ẹni tó ni ẹjọ́ kì í dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ mi orí sí i, ìwọ náà rí mi. Ó dáa, kò sẹ́ni tó ga ju òfin lọ. Mo yẹra fún ẹjọ́ yìí.

(Bàbá dìde lórí àga. Láti bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó dìde jẹun, ó dìde lọ sílé, ṣùgbọ́n a ò rí i kó dìde nítorí òfin rí.)

GBÉNGA: Tí alága bá yẹra, ta ló ń jókòó, sà?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Igbákejì alága. Òfin ẹgbẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kí igbákejì alága bọ́ síwájú.

(Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì.)

GBÉNGA: Èmi ni, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo ń retí kí ẹlòmíràn dáhùn ni.

(Gbénga rìn lọ sídìí àga, ó fi ọwọ́ nù ún, ó rọra jókòó. Tìmùtìmù gbà á mọ́ra. Ojú rẹ̀ yí padà.)

GBÉNGA: Kai. Bàbá, bó ṣe rọ̀ tó rèé?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Dájọ́, kó o dìde.

GBÉNGA: Ilé ẹjọ́ ti jókòó. Mo pàṣẹ kí ẹ dúró dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ta ni wọ́n fẹ̀sùn kàn?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ìwọ.

GBÉNGA: Ṣé ó wà níwájú ilé ẹjọ́?

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Kò sí níwájú. Ó ti jókòó lé ilé ẹjọ́ lórí.

GBÉNGA: Ẹni tó ni ẹjọ́ kì í dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà mi ò lè dá a. Mo sún un síwájú.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Di ìgbà wo?

GBÉNGA: Di lẹ́yìn Iléyá.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Iléyá wo?

GBÉNGA: (Ó fẹ̀yìn ti àga.) Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Iléyá ò ní tán láyé.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ìbò tí ò ń pariwo rẹ̀ ńkọ́?

GBÉNGA: Ìbò ò ṣeé kánjú dì, sà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló múlẹ̀.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Èmi ni mo jó o mọ́lẹ̀.

GBÉNGA: Ẹ ṣeun, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára.

(Bàbá yí àga náà po lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú, nítorí gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń sọ, òun ló kọ́ ọ. Ó padà wá síwájú, ó tún fìlà rẹ̀ dé.)

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Gbénga, ṣé ẹjọ́ ti sún síwájú?

GBÉNGA: Ó ti sún, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Ṣé ilé ẹjọ́ ò lo ẹ̀rí kankan mọ́ lónìí?

GBÉNGA: Kò lò ó, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: O ò tíì kí mi láàárọ̀ yìí.

(Kí Gbénga tó rò ó, ara rẹ̀ ti bá a rò ó. Ó fò sílẹ̀ lórí àga, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ gbì.)

GBÉNGA: Ẹ káàárọ̀, sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: (Ó ti jókòó.) Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó ńkọ́?

GBÉNGA: Wọ́n wà, sà. Bàbá, ìdìtẹ̀gbàjọba lẹ ṣe yẹn.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Rárá o. Ìwọ lo kí mi, èmi kàn wá ibi jókòó láti dá ọ lóhùn ni. Tẹ́tí sílẹ̀. Mo dárí jì ọ́, má kó irinṣẹ́ rẹ lọ síbì kankan. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lẹ́nu rẹ lónìí, kò dùn ún gbọ́. Sátidé tó ń bọ̀ la máa dìbò. Mi ò dárúkọ Iléyá o, Sátidé ni mo wí. Ẹni tó bá fẹ́ gba àga yìí, kó dúró níwájú mi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó sọ ọ́ lójú mi.

GBÉNGA: Lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. (Ó mí kanlẹ̀, erùpẹ̀ fò.) Bàbá, ẹ ti wọlé ìbò náà ká tó dì í.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Kì í ṣe ẹ̀bi òfin.

GBÉNGA: (Ojú rẹ̀ là lójijì, ó ṣì wà nílẹ̀.) Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo máa wà nílé, kí n fi fóònù bá ìpàdé sọ̀rọ̀. Orí fóònù ni n ó ti bá yín du àga náà. Ẹni tó wà lórí fóònù kì í dọ̀bálẹ̀.

(Bàbá tún wo báńdéèjì ìgbọ̀nwọ́ náà.)

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Gbénga.

GBÉNGA: Sà.

BÀBÁ AKÍNDÚRÓ: Lọ́jọ́ tí bàbá ìyàwó rẹ pè ọ́ lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó o ń jó géètì lọ́wọ́, orí kí lo dọ̀bálẹ̀ lé?

GBÉNGA: Orí géètì náà ni, sà.