Ọkọ Dígí àti Síìlì Funfun

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ni mo ti sọ àbúrò ọkọ mi ní Ọkọ Dígí. Kò sí dígí tó pàdé tí kì í dúró kí. Omi inú garawa pàápàá, á kí i. Arẹwà má fọwọ́ kan gíríìsì, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ọpọlọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tó fi ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀, Ọkọ Dígí gba kọ́kọ́rọ́, ó ní obìnrin kò lè darí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ẹbí ní kó tún pọ́ńpù tó ń jò ṣe lójú àwọn. Bó bá yege, tirẹ̀ ni ilé iṣẹ́. Bí kò bá yege, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi.

Pọ́ńpù yìí ló ń fa epo gbígbóná sínú ìkòkò ọṣẹ. Níbi tí ọ̀pá tó ń yí ti yọ jáde lára rẹ̀, síìlì, òrùka rọ́bà kan, ló ń dí i kí epo má baà tẹ̀lé e. Ọkọ mi a máa sọ pé, kí o tó ra síìlì, bi epo léèrè: ṣé gbígbóná ni ọ́ àbí tútù?

Ọkọ Dígí kò bi epo. Dígí ló bi.

Mẹkáníìkì gbé méjì síwájú rẹ̀, dúdú kan tó burẹ́wà, funfun kan tó ń dán.

"Ọ̀gá, dúdú ló ń fara da iná. Omi tútù ni wọ́n ṣe funfun fún."

"Dúdú kẹ̀? Ṣé pọ́ńpù ń ṣọ̀fọ̀ ni? Èyí tí ìyàwó wa wọ̀ ti tó nínú ọgbà yìí."

Mo wo aṣọ ara mi. "Ọkọ Dígí, ẹ rọra. Ẹni tó wọ dúdú ti fara da iná."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa. Kò ní jò. Bó bá jò, kí n jó lójú gbogbo ẹbí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ Dígí dé, funfun láti fìlà dé bàtà, bíi síìlì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kí mẹkáníìkì fi síìlì funfun náà sí i, ó sì tan ẹ̀rọ.

"Ẹ wò ó, ó gbẹ bí ọ̀nà ọ̀fun ahun."

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òórùn kan ta sí wa nímú.

"Kí ló ń rùn?" Bàbá àgbà, olórí ẹbí, ló bèèrè.

"Nǹkan tuntun ni, bàbá. Nǹkan tuntun máa ń rùn."

Síìlì tí kò ní jò, ó jó. Bó ti jó tán, ó jò. Epo ya bo ilẹ̀ tútù, ooru rẹ̀ sì rọ. Ọkọ Dígí sáré kó lọ pa ẹ̀rọ, bàtà dídán pàdé epo dídán. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ, tòsì ní òun ò bá a lọ. Ó yí po, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó dì mọ́ òpó, òpó náà kọ̀ ọ́. Ó jókòó pẹ̀tẹ̀ sínú epo. Mẹkáníìkì ló bá a pa ẹ̀rọ.

"Kò jò," Ọkọ Dígí ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ó jó ni."

"A rí ijó náà," Bàbá àgbà fèsì. "O ṣèlérí, o sì mú un ṣẹ. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó nà án sí mi, epo ń kán lára rẹ̀. Mo fi etí aṣọ ọ̀fọ̀ mi nù ún. Aṣọ dúdú dára. Epo kì í hàn lára rẹ̀.

"Ẹ kú ijó o, Ọkọ Dígí."