Bí Parmuat Ṣe Di Àna Kìnnìún

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo onígbéraga ilẹ̀ Maasai dìde dúró, Parmuat Ole Sankei yóò ti dìde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, yóò sì ti máa béèrè ibi tí ayàwòrán wà.

Ẹ jẹ́ ká kí i dáadáa, torí bí a kò bá kí i, yóò kí ara rẹ̀. Parmuat, ọ̀gá nínú àwọn afinimọ̀nà! Apakìnnìún-lẹ́nu! Ọlọ́ọ̀kọ̀ gígùn tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò rí! Ọmọ Sankei tí í wo dígí kí ó tó wo ojú ọ̀run! Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni kí ó máa fi ẹsẹ̀ mú àwọn òyìnbó rin ọ̀dàn Olosinko, kí ó fi ipa ẹsẹ̀ ẹfọ̀n hàn wọ́n, kí ó sọ èwo ni ewé àti èwo ni májèlé, kí ó sì dá wọn padà sí àgọ́ láàyè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà. Parmuat ń ṣe Parmuat.

"Kìnnìún márùn-ún ni mo ti pa," ni ó máa ń wí, yóò sì gbé aṣọ pupa rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí àpá tó wà ní ojúgun rẹ̀. "Èyí èkejì ló fi èékánná ya mí báyìí."

Gbogbo Olosinko ló mọ kìnnìún èkejì. Ọ̀pá èéfín ọ̀kadà àbúrò rẹ̀ ni. Ó fi ẹsẹ̀ kàn án lọ́jọ́ ọjà, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi já okùn.

A kì í pa kìnnìún mọ́ ní tiwa. Òfin ti kọ̀ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá máa lépa rẹ̀ láyé àtijọ́ ló ń ṣọ́ ọ báyìí. Nínú gbogbo òfin ayé, òun ni Parmuat fẹ́ràn jù lọ, nítorí ó sọ ọ́ di akọni tí ẹnikẹ́ni kò lè dán wò. Ẹni tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ kìnnìún lára ló ń fi gọ̀gọ̀ rẹ̀, irun gígùn ọrùn rẹ̀, ṣe adé. Ẹni tí kò bá pa rí, ìyẹ́ ògòǹgò ni tirẹ̀. Parmuat dé gọ̀gọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ eré orí ìtàgé ní Nairobi ló ti rà á: okùn lásán tí wọ́n rẹ láró, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tú kó lè rí wúruwùru.

Ẹ̀rín lásán ni gbogbo èyí ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti omi.

Githaiga, olówó Nairobi tó ni àgọ́ náà, ń bọ̀ wá yan olórí àwọn afinimọ̀nà. Ojú olórí náà ni wọn yóò kùn sára pátákó ńlá tó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni Githaiga yóò sì máa tẹ̀ lé lórí ẹni tó lè kọjá nínú ọ̀dàn. Parmuat kò dúró kí ó dé. Ó ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà fi mí jẹ olórí. Màá lé gbogbo màlúù kúrò ní ìsun Enkongu."

"Àwọn èèyàn rẹ á gbà?"

"Ẹ fi èèyàn mi sílẹ̀, ọ̀gá. Màlúù ń ba àwòrán jẹ́! Òyìnbó wo ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú torí àtiwá wo màlúù? Ṣé kò sí màlúù nílé wọn ni?"

Ọmọ Maasai ló sọ bẹ́ẹ̀. Wàrà màlúù ni wọ́n fi tọ́ ọ, màlúù ni wọ́n fi fẹ́ ìyá rẹ̀, màlúù ló fi sanwó ilé ìwé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá ti di iyanrìn, ìsun Enkongu nìkan ni omi tó kù fún gbogbo agbo Olosinko. Bí wọ́n bá tì í, ẹran á kú, lẹ́yìn ẹran ni ọmọdé.

Resiato, ọ̀dọ́mọbìnrin tí òun náà jẹ́ afinimọ̀nà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn àgọ́, nítorí Parmuat kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Enkongu ni màlúù ìyá Resiato ti ń mumi. Ó lọ sọ fún Ole Kasaine, àgbà tí gbogbo agbo ilé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Baba náà tutọ́ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré," ni ó wí. "Ẹni tó ń sáré tó ń wo òjìji ara rẹ̀, ògiri ló máa dá a dúró."

Parmuat ń sáré ní tirẹ̀. Ó ti tọ Mopel lọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó tó ti fa àgùtàn lé Mopel lọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì ti fi orúkọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Paker, bí àṣà: ẹni méjì tí àgùtàn bá so pọ̀, orúkọ àgùtàn náà ni wọ́n á máa jẹ́ fún ara wọn títí ikú.

"Paker, iṣẹ́ kékeré kan ni."

"Paker, iṣẹ́ kékeré rẹ kan ló gbé mi sun àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́sí."

"Gbọ́ ná. Wàá lọ sá sínú igbó ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enkongu pẹ̀lú fóònù rẹ àti sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí o bá ti rí mi tí mo gbé ọ̀kọ̀ sókè, jẹ́ kí kìnnìún inú fóònù bú ramúramù. Èmi á pariwo, màá sáré wọlé, ìwọ á gba ẹ̀yìn lọ. Màá jáde, màá ní mo ti lé e. Ó tán."

"Bí kìnnìún gidi bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló máa wá ṣe níbẹ̀? Kìnnìún kì í ṣe òmùgọ̀ bíi tìrẹ!"

Ó ṣèlérí pé òun á fi í ṣe awakọ̀ àgọ́. Mopel kò mọ ọkọ̀ wà. Ó gbà.

Ìdí tí Parmuat fi yan ibẹ̀ ni pé oòrùn àárọ̀ máa ń tan sára òkè tó wà lẹ́yìn igbó náà, ó sì dára fún àwòrán. Ó lọ wò ó títí. Ó wo òkè, ó wo oòrùn, ó wo ibi tí òun yóò fi èjìká sí. Ilẹ̀ nìkan ni kò wò, òun afinimọ̀nà. Bí ó bá wo ilẹ̀ ni, ì bá rí ipa ẹsẹ̀ màlúù tó lọ tó bọ̀ bí òpópónà ọba. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti da màlúù kẹ́yìn. Kò mọ̀ pé nínú irú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, gbogbo agbo ni í kó ẹran wá sí Enkongu ní òwúrọ̀.

Ọjọ́ pé. Parmuat ṣáájú pẹ̀lú gọ̀gọ̀ lórí, Githaiga tẹ̀ lé e nínú bàtà tuntun, àwọn òyìnbó wà láàárín, Resiato wà lẹ́yìn tó ń ṣọ́ wọn. Baba òyìnbó kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Joop, kámẹ́rà rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

"Nínú àwọn márààrún," ni Joop béèrè, "èwo ló le jù?"

"Ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bẹ̀ mí."

"Kìnnìún bẹ̀ ọ́?"

"Ojú ló fi bẹ̀ mí."

Resiato wúkọ́ lẹ́yìn. Ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ sí Enkongu, màlúù ni wọ́n rí. Màlúù funfun, màlúù aláwọ̀ eérú, màlúù abilà, wọ́n bo etí omi bí eṣú. Àwọn darandaran wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó wá pọnmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, Ole Kasaine fẹ̀yìn ti ọ̀pá rẹ̀ lábẹ́ igi. Ọkàn Parmuat já. Àmọ́ ìgbéraga gbé e padà. Ṣé kì í ṣe èrò ni? Oníjó kì í rojọ́ pé òǹwòran pọ̀ jù.

Ó bá Githaiga sọ ọ́ sétí pé, "Ẹ rí ohun tí mo wí, ọ̀gá? Màlúù níhìn-ín, màlúù lọ́hùn-ún." Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀kọ̀ sókè.

Inú igbó ẹ̀gún bú.

Ká sọ òótọ́, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó ké. Githaiga, olówó Nairobi, bá ara rẹ̀ lẹ́yìn Resiato, ó di ìgbànú rẹ̀ mú gírígírí. Parmuat fò síwájú, ó yíjú sí ibi tí kámẹ́rà wà.

"Kìnnìún! Ẹ dúró lẹ́yìn mi! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i! Tèmi ni!"

Ó sọ ọ́ ní èdè Maasai, ó sọ ọ́ ní Swahili, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má bàa sí ẹni tí yóò ní òun kò gbọ́.

Gbogbo wọn gbọ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Kí ó tó sáré dé ẹnu igbó, igbe ti ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí darandaran tó ń gbọ́ "kìnnìún" lẹ́bàá ẹran rẹ̀ kó tún jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń já láti ibi gbogbo, agogo ń dún ní itan wọn, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti yí igbó náà ká, èjìká kan èjìká. Ẹ̀yìn tí Mopel ì bá gbà jáde ti di ògiri èèyàn.

"Ẹ padà o!" ni Parmuat kígbe. "Mo ti lé e lọ!"

"Ibo ló gbà?" ni ọ̀dọ́ kan dáhùn. "Eku ò lè kọjá lára wa."

Ole Kasaine rọra dé. Ó wo igbó. Ó wo màlúù. Àwọn màlúù ń mu omi wọn lọ. Kò sí ẹyọ kan tó gbé orí sókè. Òórùn kìnnìún lásán ni màlúù máa ń gbọ́ tó fi ń ya lu igbó, kí á má tíì sọ pé ó gbóhùn rẹ̀ nítòsí báyìí. Baba náà bojú wo Resiato. Resiato ti rí i tipẹ́.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ni baba náà béèrè, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Parmuat ni!"

"Ṣé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ní èdè mẹ́ta, bàbá!"

"Tirẹ̀ ni, nígbà náà. Ẹni tó bá kígbe kìnnìún ló ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. A kì í gba ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Parmuat, wọlé."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé òfin ní ká má pa kìnnìún mọ́."

"Ta ló ní kí o pa á? Lé e jáde. Ẹni tó pa márùn-ún, ṣé lílé ẹyọ kan ló máa wá nira fún?"

"Ẹsẹ̀ mi, bàbá... ó ti ń dùn mí láti àárọ̀."

"Pẹ̀lẹ́ o," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀gbẹ́ omi. "Ọ̀kadà yẹn ò ṣàánú ẹ rárá!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Òógùn bo Parmuat, aró gọ̀gọ̀ rẹ̀ sì ń yọ́, ó ń ṣàn wá sí iwájú orí, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú, ó dé àgbọ̀n. Joop ń yàwòrán láìsinmi.

"Ó dára," ni Ole Kasaine wí sókè, kí inú igbó lè gbọ́. "Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé ọ̀kọ̀. Bí mo bá ti sọ ọ̀pá mi kalẹ̀, ẹ jù ú sínú igbó."

Ọ̀kọ̀ gòkè yí ká.

"Paker!" ni igbó náà ké. "Paker o! Má jẹ́ kí wọ́n jù ú! Èmi ni!"

A gbọ́ bí màlúù ti ń fa omi.

"Kìnnìún yìí mà ti gba àgùtàn," ni obìnrin ẹ̀gbẹ́ omi wí.

"Parmuat," ni Ole Kasaine wí, "ẹran ń pè ọ́. Ó ní ìwọ lo fún òun ní àgùtàn."

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"O ò mọ̀ mí rí?" Ẹ̀gún ya, Mopel jáde, aṣọ rẹ̀ ti fà ya dé ìdí, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wà ní abíyá rẹ̀. "Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ! Ìwọ kọ́ lo ní kí n wá bú ni? Ìwọ kọ́ lo ní màá wakọ̀?" Níbi tó ti ń na fóònù sí i lójú, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀, kìnnìún náà sì tún bú lábẹ́ abíyá rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé.

Màlúù kan gbé orí sókè nígbà yìí. Ó wò wọ́n, ó padà sídìí omi rẹ̀.

Ẹni tó bá pa kìnnìún, àwọn obìnrin ló ń kọrin fún un, orúkọ tuntun ni wọ́n sì ń fún un. Parmuat ti ń retí orin yìí láti ọjọ́ tó ti ra gọ̀gọ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀:

"Ta ló fẹ́ ọmọ kìnnìún?
Parmuat ni.
Kí ló fi san owó orí?
Àgùtàn kan ni.
Àna Kìnnìún, a kí ọ o!"

"Ọ̀gá," ni Àna Kìnnìún wí fún Githaiga, "eré ni o. Eré fún àwọn àlejò."

Githaiga kò bínú nítorí irọ́. Irọ́ ni ọjà tí òun náà ń tà. Ó bínú nítorí àwọn èèyàn ti rí ibi tó sá sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìgbànú ni Resiato bi í, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ọlọ́ọ̀kọ̀ gbọ́:

"Ọ̀gá, omi yìí tí wọ́n ní ẹ fẹ́ tì pa mọ́ màlúù, ìgbà wo lẹ máa tì í?"

Agogo itan dákẹ́. Githaiga ka ọ̀kọ̀ pẹ̀lú ojú, kò sì kà á tán.

"Èmi kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àna Kìnnìún ni."

"Kò sẹ́ni tó máa ti omi yìí," ni Githaiga wí. "Láéláé. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Wòó, Resiato, ìwọ ni olórí wọn. Ṣáájú, jọ̀ọ́, ká máa lọ."

"Ó ku nǹkan kan," ni Ole Kasaine wí.

Ẹni tó bá kígbe kìnnìún tí kò sí, tí ó mú kí darandaran fi ẹran sílẹ̀, akọ màlúù kan ni owó ìtanràn tí yóò san fún àwọn tó sáré. Kò sí ẹni tó nílò láti wá a lọ jìnnà. Akọ màlúù Parmuat kan, oníkùn funfun, wà nínú agbo ìyá rẹ̀ ní etí omi níbẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi okùn náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká tètè lọ," ni ó wí, ó wo ilẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ṣe sùúrù," ni baba náà wí. "Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Jẹ́ kó mumi tán."

Akọ màlúù náà kò kánjú. Parmuat dúró tì í ní ìsun Enkongu, okùn lọ́wọ́, aró lójú, oòrùn sì ń tan sára òkè ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yàn án. Joop kúnlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú. Parmuat fẹ́ yẹra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sún o," ni Resiato wí. "Màlúù yẹn ti wọ inú àwòrán dáadáa. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bà á jẹ́."