Ẹnjiníà Tí Kì Í Sọ Nǹkan Kan

Ọ́fíìsì kékeré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Manchester. Òjò lójú fèrèsé. Fèyísọ́lá, ọ̀gá ẹ̀ka iná mànàmáná, tí wọ́n bí síbí. Níwájú rẹ̀, Ẹnjiníà Oyèkọ́lá, ẹni ọgọ́ta ọdún, tó lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà kó tó di olùkọ́. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi dán an wò pé lónìí. Bí Fèyísọ́lá bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ilé.

"Ẹ jókòó, sà."

Kò jókòó. Ó kọ́kọ́ wo abẹ́ tábìlì.

"Jordan, ọmọ kíláàsì yín, ní òun bi yín pé iṣẹ́ wo ni wáyà aláwọ̀ ewé tó wà nínú gbogbo púlọ́ọ̀gì ń ṣe."

"Jordan ti ń béèrè jù."

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní ipò rẹ̀ ò tíì débẹ̀."

Fèyísọ́lá ka ẹ̀sùn tó kù. Àwòrán tí Ẹnjiníà fún kíláàsì, ó fi yíǹkì dúdú pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Ìwé tí àwọn ọmọ kọ nǹkan sí, ó gbà á padà, ó kó o sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gé bébà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹnjiníà ò sẹ́ ọ̀kankan. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbi tí òun ti wá nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹnikẹ́ni lè sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Oxford Road kó sì rìn wọlé, ọjà ni.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an, sà?"

"Mi ò lè sọ. Mo fọwọ́ síwèé."

"Èmi náà níwèé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí." Ó dé bíírò rẹ̀.

Ẹnjiníà wo bíírò. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Àpótí kan ni. Wọ́n máa ń tì í pa kí wọ́n tó gbé e wá. Wáyà méjì á yọ síta. Màá so wọ́n pọ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e lọ."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

"Ẹni tó bá ń béèrè kì í pẹ́ níbẹ̀."

Fèyísọ́lá fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra.

"Wáyà aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́, sà?"

"Kò sí irú rẹ̀ lára àpótí tiwa."

Fèyísọ́lá ṣí bíírò. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ yìí, sà. Ẹ padà sí kíláàsì. Gbogbo ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ wá ìdáhùn rẹ̀. Ìyẹn nìkan á gbé wa dé ìparí ọdún."